Bàtà Máa Ń Purọ́

Ṣọ́ọ̀bù bàbá mi wà ní Òjòwò, n'Ìjẹ̀bú-Igbó,
láàárín ẹni tó ń ta ìṣó àti ẹni tó ń pọ́n ayùn.
Ẹ ò lè ṣì í: pákó kan wà lẹ́nu ọ̀nà
tí bàbá fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sí pé ÀWO TUNTUN DÉ.
Àwo ti tán nílẹ̀. Pákó ò kúrò.
Káàdì tó kéré ju èékánná ni mò ń kó orin sí báyìí,
ṣùgbọ́n ìbéèrè ayé bàbá náà ni wọ́n ṣì ń bi mí:
"Abọ́sẹ̀dé, kí ló dé tó máa bá mi lára mu?"

Bàbá ní, "Má tètè nawọ́ sí pẹpẹ.
Wo bàtà oníbàárà. Gbọ́ bó ṣe ń mí.
Ẹni tó ń mí kúkúrú ò fẹ́ orin gígùn."

Nítorí náà, Tíṣà Odùfúwà tó ti fẹ̀yìn tì,
tí bàtà rẹ̀ ń dán bí ẹní fẹ́ lọ gbẹ̀rí,
tó máa ń fi gègé fi àmì ohùn sórí ìwé ìròyìn,
mo fún un ní àwo tuntun Fọ́látẹ̀ ará Ìpẹru:
gìtá kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ tó jinná.
Ó padà dé lọ́jọ́ kẹta. Ó ní nínú orin kẹrin
ọkùnrin yẹn pe ọkọ́ bí ọkọ̀.
Ó sì ra ẹ̀dà kejì fún ọmọ rẹ̀ n'Íbàdàn.

Àwọn ọlọ́kadà abẹ́ igi tíìkì ò bìkítà ta ló kọ ọ́.
"Èyí tó máa jí wa láago méjì ọ̀sán."
Mo gbé *Ata Wẹ́wẹ́* lé wọn lọ́wọ́,
àwọn ọmọ Ṣàgámù mẹ́ta ló gbà á sílẹ̀
nínú yàrá tí wọ́n ń kó obì sí;
bí ariwo bá rọlẹ̀ díẹ̀, ẹ ó gbọ́ ẹnì kan lẹ́yìn
tó ń ka obì tirẹ̀ lọ:
ẹẹ́tàdínlógún, eéjìdínlógún.

Nọ́ọ̀sì tí kì í sùn lóru, fèrè. Fèrè nìkan.
Ó ní ó dà bí ẹni tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí tíì gbígbóná.

Ṣùgbọ́n mo ṣì í fún Ìyá Adétúntan ará Àtíkórí.
Aṣọ dúdú ló wọ̀ wọlé, bàtà rẹ̀ kún fún eruku,
ọkọ rẹ̀ ò tíì pé ogójì ọjọ́ nílẹ̀.
Mo rẹ ohùn mi sílẹ̀. Mo wá orin ìtùnú jáde,
àwọn obìnrin ìjọ kan ní Orù,
ohùn wọn rọ̀ bí òwú.
Mi ò gbowó.
Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó ju káàdì náà sórí tábìlì:
"Ta ló ní mò ń wá ẹni tó máa bá mi sunkún?
Ẹkún wà nílé, ó kún àmù.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ọkọ mi fi ní kí n yí rédíò wálẹ̀.
Fún mi léyìí tó ń pariwo!"
Ata Wẹ́wẹ́ náà ni.
Àwọn ará àdúgbò rẹ̀ ní tó bá ń yan gàrí báyìí,
òun pàápàá a máa bá wọn ka obì.

Bàbá ò sọ fún mi pé bàtà máa ń purọ́.

Ó wá ku Alàgbà Jìnádù tó fi ogún ọdún la gẹdú,
tí ẹ̀rọ ti jẹ etí rẹ̀ méjèèjì.
Kì í béèrè orúkọ olórin.
Á jókòó ti àpótí sípíkà bàbá, á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e,
á mi orí: rárá. Mo yí i. Rárá.
Lánàá, a ti dé orin kẹtàlá,
èyí tí ẹnikẹ́ni ò rà láti ọdún tó kọjá,
tó kàn ń kùn lábẹ́lẹ̀ bí ẹni tó ń ronú.
Ó di ojú. Ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò.
"Ẹ̀rọ wa ní Òkè-Àgbò nìyí," ó ní,
"kí wọ́n tó tà á."

Mo na ìka kan sí i: ẹgbẹ̀rún náírà.
Mo tún pariwo rẹ̀.
Ó ṣe bí ẹni tí ò gbọ́.